Dígítà ń bọ̀: ṣé ká ju tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ nù ni?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí wa láti Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogi: “Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta ló wà nílé wa. Ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́yìn ńlá, ínṣì 21, tí ìyá ọkọ mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Èkejì jẹ́ pẹlẹbẹ ínṣì 32, tòkunbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀kẹta, àbúrò ọkọ mi ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, a kò tíì tàn án rárá. Wọ́n ní ìjọba máa pa ánálọ́ọ̀gì, pé kò ní sí èyí tó máa ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan sì ń ta áńtẹ́nà gíga kan káàkiri, ó ní á máa gbé Ìlọrin wá fún wa. Kí ni ká ṣe?”

Ọ̀kún o, ìyàwó wa. Ẹ má ju ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù, ẹ má sì tíì fún ọlọ́jà áńtẹ́nà yẹn ní kọ́bọ̀. Dígítà kì í ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́. Ohun tó ń yí padà ni bí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ṣe ń di àwòrán àti ohùn pọ̀ kí wọ́n tó rán wọn jáde: ọ̀nà àtijọ́ ni ánálọ́ọ̀gì, ọ̀nà tuntun ni dígítà. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹrù tuntun náà, dikódà ni yóò bá a tú u. Tí dikódà bá ti tú u tán, tẹlifíṣọ̀n ìyá kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò pọ̀ lára tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀. Orí òpó áńtẹ́nà, inú wáyà àti iná tí ẹ ń lò ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni owó àwọn èèyàn máa ń ṣòfò sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti Ìlọrin, nítorí owó fẹ́ jáde níbẹ̀. Ní 2006, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva, wọ́n fi 17 oṣù kẹfà 2015 ṣe ọjọ́ tí wọn ò ní dáàbò bo ánálọ́ọ̀gì mọ́ lọ́wọ́ ìdíwọ́ ìgbì orílẹ̀-èdè mìíràn ní UHF, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn agbègbè ìgbì tí tẹlifíṣọ̀n ń lò. Nàìjíríà kò bá ọjọ́ náà. Jos la ti kọ́kọ́ ṣí tiwa ní 2016, Abuja tẹ̀lé e lọ́dún kan náà, lẹ́yìn náà ló kan Kwara, Kaduna, Ẹnúgu àti Ọ̀ṣun. Èkó wọlé ní 2021. FreeTV lorúkọ tí wọ́n fún un. Nítorí náà, ọlọ́jà yẹn kò parọ́ pé dígítà wà ní Ìlọrin. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ ni pé áńtẹ́nà rẹ̀ á gbé e dé Ìsánlú.

Ìgbì UHF máa ń lọ tààrà ni, ilẹ̀ ayé sì tẹ̀ kọ́rọ́. Tó bá ti jìnnà dé ibì kan, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa dí i. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ wá nọ́ńbà tí ẹ bá sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ tó máa fún yín ní gíga òpó ilé-iṣẹ́ náà ní mítà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gíga áńtẹ́nà tiyín, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá fi 4.1 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni iye kìlómítà tí ó lè rìn dáadáa. Ká ní òpó ibẹ̀ ga tó mítà 150, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 12.2. Áńtẹ́nà yín wà ní mítà 9, ìyẹn jẹ́ 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15.2, ìlọ́po 4.1 sì jẹ́ kìlómítà 62. Láti Ìlọrin sí Ìsánlú, bí ẹyẹ ṣe ń fò, tó nǹkan bí kìlómítà 140. Bí ẹ bá tiẹ̀ na òpó tiyín dé mítà 25, tó ga ju ilé alájà mẹ́fà lọ, kìlómítà 71 péré ni yóò fún yín, tí a kò sì tíì ka àwọn òkè olókùúta tó wà láàárín. Òtítọ́ ni pé lálẹ́ ọyẹ́ mìíràn, bí afẹ́fẹ́ tó gbóná bá dúró lórí èyí tó tutù, sígínà ibi jíjìn máa ń ṣèèṣì wọlé fún wákàtí díẹ̀. Bí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí àkókò tí ọlọ́jà ń fi ọjà rẹ̀ hàn, ẹ máa rò pé owó yín ti so èso. Tó bá sọ pé ó dá òun lójú, kó gbé dikódà àti áńtẹ́nà náà wá sílé yín lọ́sàn-án gangan, kó ṣí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó sanwó.

Dígítà tó máa bá yín ṣiṣẹ́ ní Ìsánlú gbọ́dọ̀ ti òpó tó sún mọ́ yín wá, tàbí kó gba ojú ọ̀run wá sínú díìṣì. Lọ́kọ́jà pàápàá jìnnà sí yín ju kìlómítà 100 lọ. Kàbà ló sún mọ́ Lọ́kọ́jà díẹ̀, nǹkan bí 75, kò sì rọrùn fún àwọn náà bí òkè bá dí wọn lójú. Fún ìdí yìí, dikódà ló yẹ kó jẹ́ ohun ìkẹyìn tí ẹ máa rà. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ń rí i ní àdúgbò yín, kí ẹ wo oríṣi dikódà tó ń lò àti ibi tí áńtẹ́nà rẹ̀ kọjú sí.

Bí ẹ bá wá fẹ́ rà á, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ti áńtẹ́nà orí òpó ni wọ́n ń kọ DVB-T2 sí, wọ́n á sì kọ “ANT IN” sí ihò rẹ̀. Ti díìṣì ni wọ́n ń kọ DVB-S2 sí, “LNB IN” ló máa wà lára ihò rẹ̀. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì, bó ti wù kí páálí wọn jọra tó. Àwọn kan wà tó ní méjèèjì, ihò méjì á wà lẹ́yìn wọn. Ní àwọn ìlú tí FreeTV ti ń ṣiṣẹ́, dikódà tí NBC, àjọ tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, fọwọ́ sí ni wọ́n ń lò, torí pé wọ́n máa ń ti àwọn ìkànnì, títí wọ́n á fi ṣí i fún nọ́ńbà dikódà yẹn. Dikódà T2 lásán láti ọjà lè rí orúkọ gbogbo ìkànnì kó má sì rí àwòrán kankan. Tó bá sì jẹ́ díìṣì ni ẹ máa lò, sátẹ́láìtì Nàìjíríà, NigComSat-1R, wà ní 42.5 dígírì níhà ìlà-oòrùn. Láti Ìsánlú, ẹ kọjú díìṣì sí ìlà-oòrùn, kí ẹ yí i díẹ̀ sí gúúsù, nǹkan bí 101 dígírì lórí kọ́ńpáàsì, kí ẹ sì gbé e sókè ní 47 dígírì. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lè mọ ibi tí ojú ọ̀run gbọ́dọ̀ mọ́ fún yín. Bí igi máńgòrò ilé kejì bá dúró sí ìhà ibẹ̀, ẹ wá ibòmíràn gbé díìṣì sí.

Ó kan tẹlifíṣọ̀n ìyá, òun ló nílò àlàyé jù.

Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀. Ẹ má tú u o. Inú tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá máa ń di iná tó tó 20,000 sí 30,000 fóòtì mú lára gíláàsì rẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára iná. Ihò ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni kí ẹ wò. Tí ẹ bá rí ihò róbótó kéékèèké aláwọ̀ yẹ́lò, funfun àti pupa, AV nìyẹn. Yẹ́lò ń gbé àwòrán, funfun àti pupa ń gbé ohùn. Àwọn mìíràn ní ti wọn níwájú, lábẹ́ ìdérí kékeré kan. Ọ̀pọ̀ ínṣì 21 ló jẹ́ pé yẹ́lò àti funfun nìkan ni wọ́n ní, torí ohùn wọn jẹ́ ẹyọ kan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ki yẹ́lò àti funfun bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí pupa máa rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá wọ inú ètò ohùn dikódà lọ yan “Mono”. Bí ẹ kò bá ṣe é, ohùn apá kan lásán ni ìyá á máa gbọ́, ẹ ó rò pé ìkànnì ni kò dáa.

Lára rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ẹ tẹ AV tàbí VIDEO. Bí rìmóòtù bá ti sọnù, ẹ lọ sí ìkànnì 1, kí ẹ wá máa tẹ CH tó ní àmì ìyọkúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ máa ń gba ibẹ̀ bọ́ sí AV. Láti ìgbà yẹn lọ, rìmóòtù dikódà ni wọ́n á máa fi yí ìkànnì. Ẹ gbé ohùn dikódà sókè dáadáa, nǹkan bí 80 nínú 100, kí wọ́n wá máa fi ti tẹlifíṣọ̀n dín in tàbí fi kún un. Bí ohùn dikódà bá wálẹ̀ jù tí ti tẹlifíṣọ̀n sì lọ sókè, ariwo “ṣíì” á máa bá a rìn.

Àwọn dikódà kékeré máa ń lo ihò AV kan ṣoṣo, bíi ti íyáfóònù, pẹ̀lú wáyà tó ní orí mẹ́ta lápá kejì. Wáyà yìí máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Gbogbo wọn jọra lójú, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan lè to ti inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí ẹ bá ki wáyà tí kì í ṣe ti dikódà yẹn bọ̀ ọ́, ojú tẹlifíṣọ̀n á dúdú, ohùn á sì máa kùn “búù”. Kí ẹ tó dá dikódà lẹ́bi, ẹ fi orí pupa sínú ihò yẹ́lò. Bí kò bá gbà, ẹ gbìyànjú orí funfun. Kò lè ba nǹkan kan jẹ́.

Bí àwòrán bá wá láìní àwọ̀, dúdú àti funfun nìkan, ẹ wo ètò dikódà: bó bá jẹ́ NTSC, ìlànà àwọ̀ ti Amẹ́ríkà, ló wà níbẹ̀, ẹ yí i sí PAL, èyí tí àwa ń lò. Bí PAL bá ti wà níbẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé inú ihò àwọ̀ ewé ni ẹ ki orí yẹ́lò sí, tí tẹlifíṣọ̀n sì ń retí oríṣi àwòrán mìíràn níbẹ̀. Bí àwọn èèyàn inú rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ga gbọọrọ, ẹ yan 4:3 nínú ètò ojú àwòrán. “Letterbox” á fi ilà dúdú sókè àti sísàlẹ̀, kò ní gé nǹkan kan kúrò. “Pan & Scan” á kún ojú tẹlifíṣọ̀n, á sì gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Letterbox ni mo fara mọ́, torí orúkọ àti nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìròyìn kò ní sọnù.

Bí tẹlifíṣọ̀n ìyá bá ti pẹ́ débi pé ihò áńtẹ́nà nìkan ló ní, ẹ má ṣe ohun tí púpọ̀ ń ṣe: wọ́n á fa wáyà láti “RF OUT” tàbí “LOOP OUT” dikódà sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á wá ìkànnì títí, wọn ò ní rí nǹkan. Ihò yẹn, lára púpọ̀ jù nínú dikódà òde òní, ń fi sígínà áńtẹ́nà ránṣẹ́ síwájú lásán ni. Kì í sọ dígítà di ohun tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ lè gbà. Ohun tí ẹ nílò ni àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní RF modulator. AV dikódà á wọ inú rẹ̀, wáyà áńtẹ́nà á sì jáde lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó ń ṣe PAL B/G, ìlànà ti Nàìjíríà, ni kí ẹ rà. Àwọn tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, tó ń jáde ní ìkànnì 3 tàbí 4 nìkan, kò ní bá a ṣe. Bí ẹ bá sì ní fídíò oníkásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ṣì ń tan, ẹ má wulẹ̀ ra nǹkan kan: ó ní modulator nínú. AV dikódà á wọ “AV IN” fídíò náà, “RF OUT” fídíò á lọ sí ihò áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó yan AV lórí fídíò, kí ẹ wá tún tẹlifíṣọ̀n sí ìkànnì tí fídíò ń jáde sí. Ó sábà máa ń wà ní agbègbè 36 ní UHF.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń jọ idán níbi RF yìí: àwòrán á mọ́ rekete, ohùn kò ní sí, ariwo lásán. Tẹlifíṣọ̀n tàbí fídíò tó ti ìlú Ọba wá ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tiwọn gbé ohùn jìnnà sí àwòrán ní 6.0 MHz, tiwa jẹ́ 5.5 MHz. Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ní ètò tí wọ́n ti ń yan I (ti ìlú Ọba) tàbí B/G (tiwa), ẹ jẹ́ kí wọ́n bára wọn mu. Bí kò bá sí, AV nìkan ló kù.

Ti Lọ́ńdọ̀nù kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àmì tó wà níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Freeview lorúkọ tẹlifíṣọ̀n dígítà ọ̀fẹ́ wọn níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ “Freeview HD”, ó ní T2 nínú. Bí ó bá jẹ́ “Freeview” lásán, DVB-T àkọ́kọ́ ló ní, kò lè gba T2 láéláé, bó ti wù kó mọ́ tó. Freeview HD bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ìparí 2009, nítorí náà èyí tó bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Àwọn tó ti Jámánì wá náà rí bẹ́ẹ̀: ọdún 2016 sí 2017 ni wọ́n kó lọ sórí T2, tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ níbẹ̀ kì í sábà ní in. Bó bá ní T2 tàbí kò ní, ẹ lè fi wáyà HDMI, tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, so dikódà mọ́ ọn. Bó bá kọ “No signal” tàbí “Not supported” lẹ́yìn tí ẹ ti so ó, ó lè jẹ́ pé dikódà ń rán 1080p, àwòrán tó kún ju 720p lọ, sí tẹlifíṣọ̀n tí agbára rẹ̀ kò tó o. Ọ̀pọ̀ rìmóòtù dikódà ní bọ́tìnì “V-Format” tàbí “TV/Resolution”. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún láàárín, títí á fi bọ́ sí 720p. Bí kò bá sí bọ́tìnì, ẹ kọ́kọ́ lo AV láti rí inú ètò, ẹ yí i níbẹ̀, kí ẹ tó padà sí HDMI.

Áńtẹ́nà wá kàn. Bí ẹ bá ti ní ọ̀kan lórí òrùlé, ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ wọn àwọn ọ̀pá rẹ̀. Èyí tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 65 sí 85 jẹ́ ti VHF. Ti UHF máa ń wà láàárín 20 sí 32, bí ẹni ya àtàǹpàkò àti ìka kékeré síra. Dígítà wà lórí UHF jù lọ, ìkànnì 21 sí 48, ìyẹn 470 sí 694 MHz. Ọ̀pá kúkúrú ló gbọ́dọ̀ kọjú sí òpó ilé-iṣẹ́, èyí tó gùn jù á wà lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ilé ló gbé e kọ ẹ̀yìn síta. Ẹ tún wo bóyá àwọn ọ̀pá náà dùbúlẹ̀ tàbí wọ́n dúró ṣánṣán: bí aládùúgbò yín tó ń rí àwòrán ṣe ṣe tirẹ̀ ni kí ẹ ṣe tiyín. Bí tiyín bá yàtọ̀, ọ̀pọ̀ nínú sígínà ló máa lọ.

Páìpù irin ẹsẹ̀ bàtà 20 kan tó, kí ẹ fi okùn irin dè é ní ọ̀nà mẹ́ta tó jìnnà síra dọ́gba. Bí áńtẹ́nà bá ń mì nínú ìjì, ánálọ́ọ̀gì á máa gbọ̀n díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n dígítà á máa já. Ìyàtọ̀ tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ nìyẹn. Ánálọ́ọ̀gì tí kò lágbára máa ń fún yín ní àwòrán olójò, ẹ ó ṣì máa fojú inú wò ó. Dígítà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: á mọ́ kedere, á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ sí onígun mẹ́rin kéékèèké, lẹ́yìn náà á dákẹ́ pátápátá. Nítorí náà, áńtẹ́nà tí ẹ ti ń “fara dà” láti ọdún yìí wá lè máà tó fún dígítà rárá.

Wáyà RG6 ni kí ẹ rà, kì í ṣe tín-ín-rín tí wọ́n ń tà pọ́ọ́kú. Nínú mítà 20, RG6 rere ń jẹ díẹ̀ ju ìdajì sígínà lọ. Tín-ín-rín a máa jẹ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí búsítà, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún sígínà lágbára, bí ẹ bá nílò rẹ̀, fi gbọ́dọ̀ wà lókè nídìí áńtẹ́nà, kó tó di pé wáyà jẹ nǹkan. Búsítà tí wọ́n fi sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ń sọ ariwo di ńlá lásán ni. Iná 5 fóòtì tàbí 12 ló ń gbà gòkè nínú wáyà kan náà. Bí ó bá jẹ́ ti 5, dikódà lè fún un: ẹ wá “Antenna Power” nínú ètò, kí ẹ tan án. Bí ẹ bá gbàgbé, búsítà tí kò rí iná burú ju kí ó má sí lọ. Bí áńtẹ́nà yín kò bá sì ní búsítà, ẹ pa á, torí ọ̀pọ̀ áńtẹ́nà so méjèèjì pọ̀ nínú, dikódà á sì máa kọ pé wáyà ti ṣe ṣọ́ọ̀tì.

Ẹ fọwọ́ ara yín wo orí wáyà, mo bẹ̀ yín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà ń sùn sí. Ẹ bó awọ dúdú rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀, ẹ ká àwọn irun fàdákà sẹ́yìn sórí awọ, kí ẹ bó funfun inú rẹ̀, kí bàbà àárín wá yọ jáde ní mìlímítà 2 sí 3 lẹ́nu orí tí ẹ bá yí mọ́ ọn. Irun kan ṣoṣo tó bá kan bàbà àárín, gbogbo rẹ̀ ti kú nìyẹn. Bí bàbà bá dúdú tàbí aláwọ̀ ewé, omi òjò ti wọ inú wáyà. Ẹ máa gé e sẹ́yìn títí ẹ ó fi dé ibi tó ń dán. Bí ẹ bá gé mítà kan tó ṣì dúdú, ẹ ra tuntun. Lókè, ẹ fi téèpù rọ́bà di orí náà pinpin, kí ẹ jẹ́ kí wáyà tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó wọ ojú fèrèsé, kí omi lè máa kán síta dípò kó tọ̀ ọ́ wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ pín in fún yàrá méjì, splitter á tún jẹ ju ìdajì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ṣiṣẹ́ ná. Ẹ sì rántí pé dikódà kan kò lè fi ìkànnì méjì hàn lẹ́ẹ̀kan náà: yàrá tó bá fẹ́ wo tirẹ̀ lọ́tọ̀ nílò dikódà tirẹ̀.

Kí ẹ tó wá ìkànnì, ẹ yan Nàìjíríà nínú ètò orílẹ̀-èdè. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Bandwidth” sí, kí ẹ fi 8 MHz. Mo ti mẹ́nu kan èyí torí pé àwọn dikódà kan ti ilé-iṣẹ́ wọn jáde pẹ̀lú 6 MHz ti orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n á wá gbogbo rẹ̀ tán láìrí ẹyọ kan. Ìlà méjì ni ẹ ó máa rí: “Strength” àti “Quality”. Èkejì ni kí ẹ máa wò bí ẹ bá ń yí áńtẹ́nà. Bí Strength bá wà ní 80 tí Quality sì wà ní 0, ariwo lásán ni búsítà ń kó wá, tàbí sígínà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe T2. Ẹ yí áńtẹ́nà díẹ̀, ẹ dúró, ẹ wò. Dikódà kì í yára fèsì bíi ti ánálọ́ọ̀gì, ẹni tó ń yí i lókè á ti kọjá ibi tó dáa kí ẹni ìsàlẹ̀ tó pariwo. Bí NTA bá ṣì ń wọlé yín lórí ánálọ́ọ̀gì, ẹ má pàdánù rẹ̀: wáyà áńtẹ́nà á wọ dikódà, “LOOP OUT” á lọ sí ihò áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n ìyá, AV náà á wà níbẹ̀. Ìyá á lè wo méjèèjì títí wọ́n á fi pa ti àtijọ́. Àwọn dikódà kan máa ń dí ọ̀nà yìí bí wọ́n bá sùn, kí ẹ kàn tan án padà.

Ní ti iná, dikódà kò jẹ nǹkan, láàárín wáàtì 5 sí 12. Ínṣì 21 ẹlẹ́yìn ńlá ń jẹ 60 sí 100, ṣùgbọ́n ní àkókò tí ẹ bá tàn án ó máa ń fa púpọ̀ lójijì láti nu agbára máágínẹ́ẹ̀tì kúrò lójú gíláàsì rẹ̀, ìró “gbuu” kékeré yẹn nìyẹn. Ínfátà kékeré máa ń torí èyí pa. Bí NEPA bá mú iná, ẹ pa suwíìṣì ògiri, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn tó bá dé kí ẹ tó tàn án, torí bíbọ̀ iná ló ń pa áńdápítà dikódà, kì í ṣe lílọ rẹ̀. Ẹ má fi dikódà lé orí tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá, ooru àti eruku ọyẹ́ á jẹ ẹ́ níbẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ń kù, ẹ yọ wáyà áńtẹ́nà kúrò lẹ́yìn dikódà pátápátá. Pípa suwíìṣì nìkan kò tó bí àrá bá sán sítòsí òpó.

Ti Amẹ́ríkà ló kù. Kí ẹ tó ki i bọ iná rárá, ẹ ka ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí “100-240V”, ẹ kàn nílò orí púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ bá rí “120V 60Hz” nìkan, iná wa á jó o lójú ẹsẹ̀. Ẹ ra tíráńsífọ́mà tó ń sọ 220 di 110, tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì wáàtì tí wọ́n kọ sára tẹlifíṣọ̀n. Bó bá jẹ́ wáàtì 100, ẹ ra 200 sókè. Ohun tó ń gba ìkànnì nínú rẹ̀ jẹ́ ti ATSC, ìlànà dígítà ti Amẹ́ríkà, kò wúlò fún yín, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí wíwá ìkànnì. HDMI rẹ̀ ni ẹ ó lò. Àwọn kan nínú wọn kì í gba àwòrán 50Hz tiwa, ojú wọn á dúdú tàbí wọ́n á kọ pé kò bá wọn mu. Ẹ yan 720p ní 60Hz nínú dikódà. Àwòrán á máa fò díẹ̀ bí bọ́ọ̀lù bá ń yára, ṣùgbọ́n ìròyìn àti eré á dúró dáadáa. Bí owó tíráńsífọ́mà bá sì ti sún mọ́ iye tí wọ́n ń ta pẹlẹbẹ tòkunbọ̀ mìíràn tó jẹ́ ti iná wa, ẹ gbé ti Amẹ́ríkà tà fún ẹni tó ti ní tíráńsífọ́mà tẹ́lẹ̀.